Ìrẹsì Alágbálùmọ̀ Inú Ike

Ìrẹsì tútù, ṣúgà àti wàrà, nínú ike kékeré tí wọ́n fi bébà dídán lẹ̀ lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán wọn níṣẹ́? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nínú fíríìjì ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì, lójú ọ̀nà Ailegun, mo rò pé ògì ni. Nígbà tí mo gbé e sókè, mo rò pé yúgọ́ọ̀tì ni. Ìyá Ìbejì ní kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ní ìrẹsì ni, wọ́n ti sè é láti ilé iṣẹ́ wọn, ṣíbí nìkan ló kù.

"Ìrẹsì àná nìyẹn," mo sọ fún un.

"Àǹtí, dessert ni o. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Kí ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ, tí ìrẹsì fi wá di ìpanu?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni mo bi í. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Èkìtì, ẹni tó bá jẹ ìrẹsì ti jẹun ọjọ́ Àìkú nìyẹn, ó kù kó lọ sùn. Ìrẹsì tí a fi ṣúgà sí, ọmọ tí ibà ń ṣe nìkan ló ń jẹ ẹ́, àánú la sì fi ń ṣe é fún un. Pé kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ra irú rẹ̀ ní tútù, mo rò pé ó yẹ kí ìjọba dá sí i. Síbẹ̀ mo rà á. Mo rà á nítorí bàbá mi, ẹni tí mo gbà nígbà yẹn pé ó fẹ́ fi ebi pa ara rẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, mo lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Ire-Akari, l'Ékòó. Ó gbé àpótí kan, rédíò kan àti ojú líle wá. Ó ní òun ò ní pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo bi í pé níbo ló ń lọ láti ibẹ̀, ó tan rédíò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí mi nínú. Àwọn ọmọ mi ti wà ní yunifásítì, èmi àti ọkọ mi nìkan la kù nílé, nítorí náà mo ní àyè tó pọ̀ láti máa bẹ̀rù.

Mo dojú kọ ìkòkò. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí inú bá ń bí mi, mo máa ń dáná. Bí ẹ̀rù bá wá ń bà mí, iná náà kì í kú. Mo gún iyán, iyán gidi tí a fi odó gún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rò nínú omi gbígbóná. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Uyán rè é?" bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa, inú rẹ̀ sì dùn. Ó jẹ ààbọ̀, ó ní òun yó. Mi ò fẹ́ kí a máa fi oúnjẹ ṣòfò, nítorí náà lọ́jọ́ kejì mo bu ìwọ̀n tó jẹ lánàá fún un. Ó jẹ ààbọ̀ ìyẹn náà. Mo tún dín in kù. Ó tún jẹ ààbọ̀. Kì í sì í ṣe pé ó ń fọwọ́ ro oúnjẹ kiri inú àwo bí aláìsàn. Gígé ló ń gé e, láàrin gan-an, bí ẹni tó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Apá kan á mọ́ tónítóní, apá kejì á wà níbẹ̀ bíi pé ọwọ́ ò kàn án rí. Ẹran ńkọ́? Ó ń pín in, èyí tó tóbi ló sì ń fi sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò jẹun."

"Mo jẹun."

"Ẹ wo ohun tí ẹ ṣẹ́ kù."

"Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé," ó dá mi lóhùn, bí ẹni tó ń ka ìdáhùn láti ẹ̀yìn ìwé.

"Ẹrù wo, Bàbá? Kò sí ọmọdé kankan nínú ilé yìí tó ń dúró de àjẹkù yín. Ajá ẹnu géètì nìkan lẹ ń bọ́."

Òótọ́ ni mo sọ. Ajá tí àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò wa ń sìn lẹ́nu géètì ló ń jẹ ẹ́. Ajá náà sanra débi pé ó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Àlejò á wọlé, á jáde, kò ní gbó. Bí olè bá tiẹ̀ wá, mo rò pé á bá a gbé ẹrù dé ojú títì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn ìyá ìjọ wa. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí a gbààwẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò: ẹnì kan kò jẹun, wọ́n ní kí gbogbo wa má jẹun mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá bàbá mi máa ń jẹun lójú oorun. Mo ní ìbá ṣe pé ó ń jẹun níbẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá máa gbé abọ́ lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ṣe àdúrà ìparí. Mo gbé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ìsọlọ̀. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ń ṣe é, pé àgbà ni. Mo ní mo mọ̀ pé àgbà ni, bàbá mi ni.

Ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ ń bọ́ nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá rẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo rí bẹ́líìtì rẹ̀ lórí àga. Ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sí i, ó sì ti fi báírò fa ìlà kí ihò náà má bàa wọ́. Mo jókòó ti bẹ́líìtì yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò fẹ́ sin òbí méjì láàrin ọdún kan. Mo rò pé ó ti pinnu láti bá ìyá mi lọ, àti pé ó ń fi ìṣirò ṣe é, ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì lójoojúmọ́ títí kò fi ní kù.

Ìyá mi náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀. Kò jókòó ti abọ́ oúnjẹ rí lójú àwa ọmọ. Á bu ti bàbá mi, á bu ti wa. Bí a bá bi í pé tirẹ̀ ńkọ́, á ní òórùn ọbẹ̀ ti yó òun. Bí bàbá mi bá jẹun tán, fúnra rẹ̀ ló máa ń palẹ̀ àwo mọ́, kì í jẹ́ kí a bá a gbé e. A kò mọ ohun tó wà nínú àwo náà, nítorí ọmọ tó bá yọjú sínú àwo bàbá rẹ̀ nígbà yẹn, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Ìyá mi á wọ ilé ìdáná, á ti ilẹ̀kùn, a rò pé àwo ló ń fọ̀. Ní kékeré mo gbà pé àwọn ìyá kì í jẹun ni, bí wọn kì í ti í hu irùngbọ̀n.

Agbálùmọ̀ nìkan ni mo rí tó ń jẹ ní gbangba. Bó bá wá kí wa l'Ékòó lásìkò rẹ̀, tí mo lọ pàdé rẹ̀ ní Òṣòdì, a kì í lè kọjá Apakun láìdúró. Á sọ̀ kalẹ̀, á bá àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà nájà bíi pé ó fẹ́ ra ilé, á tẹ agbálùmọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tó dé Ìsọlọ̀, ó ti jẹ èèpo rẹ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó ti kó kóró rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù. Bàbá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ó kan, ó sì ń lẹ̀ mọ́ eyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí lọ́jọ́ tí mo ra ìrẹsì inú ike. Mo ti dán oúnjẹ gbogbo wò, ó kù kí n dán ìyà wò. Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé e síwájú bàbá mi pẹ̀lú ṣíbí. Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, títí kan ibi tí wọ́n ti ní kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù. Ó ṣí i. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún bù ú. Èmi dibọ́n pé mò ń nu tábìlì. Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀, ó dé ààrin, mo mí sínú, ó kọjá ààrin! Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan ìdí. Ó fi ṣíbí ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi yìí, tí kì í jẹ́ kí a lá ọwọ́ nídìí tábìlì nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó mú bébà ojú rẹ̀, ó lá a.

"Báwo ló ṣe rí, Bàbá?"

"Ìranù ni," ó ní. "Ṣé ó ku òmíràn?"

Mo gbé ike náà lọ bá ọkọ mi nínú yàrá. Àwa méjèèjì ń wo inú ike òfìfo bí àwọn tó ń wo ọmọ tuntun. Ọkọ mi ní, "Ṣé ó jẹ ẹ́ tán ni?" Mo ní, "Ó jẹ ẹ́ tán." Ó tún fi ìka kàn án wò.

Láti ìgbà náà mo di oníbàárà gidi. Mò ń kó o bí ẹni tó ń kó omi pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ àṣírí. Mo ní kó fi ojú rẹ̀ sórí ọjà. Mo tún lọ fọ́nnu fún àwọn ìyá ìjọ pé ààwẹ̀ ti ṣiṣẹ́, mi ò sì sọ fún wọn pé mi ò gbà á. Ọkọ mi pẹ̀lú, tí dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ibi fíríìjì láìwọ bàtà. Oúnjẹ gidi nìkan ni bàbá mi ṣì ń jẹ ní ààbọ̀, iyán àti ẹ̀wà àti èyíkéyìí tí mo bá sè. Mo ní díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní ó ti di òyìnbó lọ́jọ́ ogbó, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á tún ṣí fún ti ilé.

Ìgbà tí agbálùmọ̀ dé ni Ìyá Ìbejì ké sí mi láti òdìkejì ọ̀nà.

"Àǹtí! New flavour ti land o!"

Wọ́n ya agbálùmọ̀ tí wọ́n là sí méjì sójú bébà rẹ̀. Agbálùmọ̀, wàrà, ìrẹsì. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo fẹ́ mọ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó sọ pé àwọn mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Ní kékeré wa, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá mu wàrà lé agbálùmọ̀, inú rẹ̀ á dì. Mo bi Ìyá Ìbejì bóyá òun ti tọ́ ọ wò. Ó ní òun ṣì ní ọmọ láti tọ́. Mo rà á ṣá. Mo ní ohun tuntun lè mú kí bàbá mi tún túra ká sí i.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo gbé e fún un ní pálọ̀, níbi tó ti ń gbọ́ rédíò. Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ó wo àwòrán tó wà lójú bébà, ó wò ó pẹ́. "Agbálùmọ̀," ó ní, bíi pé ó rí ojúlùmọ̀ kan níbi tí kò yẹ. Ó ṣí i, ó bù ú sẹ́nu. Gbogbo ojú rẹ̀ kákò. Mo ti ń na ọwọ́ láti gbà á, ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó ń bù ú, ó ń di ojú, ó ń gbé e mì bí oògùn. Nígbà tó ṣe, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó tẹ bébà náà padà sójú ike, ó sì tì í sápá kan tábìlì. Mo ṣí i. Ààbọ̀ ni. Ó ti fi ṣíbí fa ìlà sí ààrin rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti bínú.

"Bàbá, ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Ẹ sọ fún mi kí n mọ̀! Mò ń sè, ẹ̀ ń gé e sí méjì. Mo dín in, ẹ̀ ń gé e sí méjì. Ìranù kan ṣoṣo tí ẹ̀ ń jẹ tán, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹn. Bẹ́líìtì yín ti fẹ́ẹ̀ yí yín po lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ bá Màmá lọ, ẹ là á mọ́lẹ̀, kí n yéé da ara mi láàmú!"

Ọkọ mi yọjú láti yàrá, ó rí ojú mi, ó padà. Bàbá mi jẹ́ kí n parí. Ó ní:

"Yèyé rẹ fẹ́ràn agbálùmọ̀."

"Mo mọ̀."

"Nílé, kì í jẹ ohunkóhun bí mi ò bá tíì jẹ. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ná."

Mi ò tíì lóye. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọmọ tí kò gbọ́ ìṣirò. Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wọn, ọjọ́ kan wà tí oúnjẹ ẹnì kan ló kù nílé. Ìyá mi gbé gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, ó ní òun ti jẹ. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bí mo bá ní kó wá jókòó jẹ nínú ẹ̀, kò ní wá. O mọ ìyá rẹ. Mo bá gé e sí méjì, mo ní mo ti yó. Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìró ṣíbí."

"Lọ́jọ́ yẹn nìkan?"

"Láti ọjọ́ yẹn. Kò bu oúnjẹ tirẹ̀ mọ́. Ó wá ń bu tèmi pọ̀. Òun ò sọ nǹkan kan, èmi ò sọ nǹkan kan."

Mo jókòó. Mo rántí ilẹ̀kùn ilé ìdáná yẹn, mo rántí gbogbo ẹgbẹ̀rún ìgbà tó ní òórùn ọbẹ̀ ti yó òun.

"Bàbá," mo ní, "ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Màmá ò sí mọ́."

"Ṣé wèrè ni mí? Èmi ni mo kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Ọwọ́ yìí ló ń dúró. Bó bá ti dé ààrin, ó dúró. Mo ti bá a wí."

"Ìrẹsì olómi yẹn ńkọ́, èyí tí ẹ máa ń jẹ tán?"

"Ìyẹn?" Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Yèyé rẹ ò lè fi ẹnu kan irú ìranù yẹn láyé yìí. Ta ni mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ kù dè?"

Ẹ̀rín pa mí kí ẹkún tó dé, wọ́n wá dé pọ̀. Bàbá mi ń wò mí, ó ń bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gbé ike náà, mo gbé ṣíbí náà, mo wọ ilé ìdáná, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Lórí ìdúró ni mo ti jẹ ẹ́. Kí n má parọ́ lẹ́yìn ìsìn, ó burú. Ó kan, ó dùn, ó tún kan. Wàrà ń fa ọ̀fun síhìn-ín, agbálùmọ̀ ń fà á sọ́hùn-ún, ìrẹsì wà láàrin wọn, kò mọ ẹni tí yóò gbè lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ lọ ni mo rí i pé gbogbo ègé èso agbálùmọ̀ tó wà nínú rẹ̀, bàbá mi ti ṣà á jọ sí apá tó fi sílẹ̀. Kò jẹ ẹyọ kan. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo kan ìdí, mo fi ṣíbí ha ike náà kíkankíkan, mo ha á ju bó ṣe yẹ lọ. Ní pálọ̀, mo gbọ́ tí bàbá mi dín ohùn rédíò rẹ̀ kù.

Oúnjẹ ènìyàn méjì ni mo ń bù fún un báyìí, nínú àwo kan. Ó ń gé e, ó ń jẹ tirẹ̀ tán, mò ń gbé ìyókù wọ ilé ìdáná. Ẹran tó tóbi tèmi ni. Ọkọ mi ní mò ń sanra, mo ní kó lọ bi àna rẹ̀. Bẹ́líìtì ti kúrò ní ihò tó kẹ́yìn. Ajá ẹnu géètì ti tún ń gbó, ó ń gbó mọ́ èmi gan-an ju ẹnikẹ́ni lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé àwọn tó ń kó ọjà náà wá ní àwọn ò ní kó ti agbálùmọ̀ wá mọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń rà á ní gbogbo àdúgbò àfi oníbàárà kan ṣoṣo. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé nǹkan yìí dùn ni?"

"Kò dùn rárá," mo ní. "Ẹ bá mi kó gbogbo èyí tó kù."